Ọgọ́ta Hóró Tí Wilma Rautio Yá

Dọ́là mẹ́tàlá lé lọ́gọ́rùn-ún àti ogójì sẹ́ǹtì ni. Túsìdeè ni, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá ọdún 2019, aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀. Iye tí wọ́n ní kí Wilma Rautio san nìyẹn fún ọgọ́ta hóró oògùn tó ti ń ra ní dọ́là mẹ́tàdínláàádọ́ta láti oṣù kejì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo tò sí. Ìpara ẹ̀yìn ríro ni mo fẹ́ rà, dọ́là mẹ́fà àti sẹ́ǹtì mọ́kàndínlọ́gọ́rin.

Ọmọbìnrin tó ń ta oògùn yẹn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí Wilma, ó sì rọra ṣàlàyé. Ó ní inṣọ́ránsì rẹ̀ ní ibì kan láàárín ọdún tó ti máa ń já ènìyàn sílẹ̀. Tí owó oògùn tí ènìyàn ti lò bá ti kọjá iye kan, òun fúnra rẹ̀ lá máa san púpọ̀ sí i títí ọdún á fi parí. Tí ọdún tuntun bá dé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀, oṣù kìíní yẹn ló sì máa ń wọ́n jù.

Wilma ní, "Ìyẹn ni pé mo ti jẹ ju oúnjẹ mi lọ."

Ọmọ náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kó tó wo ojú ìyá náà.

Kò sí ẹni tó lọ sílé ìwé ní apá èbúté ìlú Ashtabula tí ò jẹun lọ́wọ́ Wilma rí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi dáná níbẹ̀. Òfin wọn nígbà yẹn ni pé ọmọ tí kò bá ti sanwó oúnjẹ, kí wọ́n gba abọ́ gbígbóná lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n fún un ní búrẹ́dì tútù. Wilma ò gba abọ́ kankan lọ́wọ́ ọmọ kankan rí. Á bu oúnjẹ náà, á wo ibòmíràn, tó bá sì di Fúráìdeè, á fi owó ara rẹ̀ dí i. Ìyá Olóúnjẹ ni gbogbo wa ń pè é. Èmi náà jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kúrò nílé ìwé ní kíláàsì kẹsàn-án.

Ọkàn rẹ̀ ló ń lù ségesège. Dókítà ní hóró kan láàárọ̀, hóró kan lálẹ́, kó má fo ọ̀kan rárá, torí ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú ọkàn yẹn kó gòkè lọ sínú ọpọlọ. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò kí dókítà sọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé e. Ìyá rẹ̀ fi ọdún mẹ́fà dùbúlẹ̀ sójú fèrèsé, apá ọ̀tún kú, ẹnu wọ́ sísàlẹ̀, Wilma ló sì ń fi ṣíbí fún un lóúnjẹ títí ó fi lọ. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan nígbà tí à ń dúró de ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó ní kì í ṣe ikú lòun ń bẹ̀rù, ṣíbí yẹn ni.

Ẹgbẹ̀rún kan dọ́là ó lé méjìdínlọ́gọ́fà ni owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lóṣù. Yàrá nìkan gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé ogójì. Ó dúró níwájú káńtà, ó ṣírò rẹ̀ lọ́kàn, ó wá ní kí wọ́n ka ogójì hóró fún òun dípò ọgọ́ta. Dọ́là márùndínlọ́gọ́rin àti ọgọ́ta sẹ́ǹtì ló san. Nínú mọ́tò mi tí mo fi gbé e padà sílé, ó ní yìnyín máa tètè bọ́ lọ́dún yẹn.

Èmi ni mò ń tọ́jú ilé tí à ń gbé. Ilé àwọn àgbà ni, àjà mẹ́rin, ó kọjú sí adágún ńlá. Iná tó bá kú, èmi. Omi tó bá ń jò, èmi. Ẹrù tó bá dé látọ̀dọ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, èmi ni mo máa ń fọwọ́ sí i. Nínú ilé yẹn, wọn kì í béèrè oògùn lọ́wọ́ ara wọn. O lè béèrè ìdí tí ọmọ ẹnìkan ò fi pè é lọ́jọ́ Kérésì. O lè béèrè bí inú rẹ̀ ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n iye hóró tó kù nínú ìgò rẹ̀, wọn kì í béèrè. Ẹni tó bá béèrè, bí ìgbà tó ṣí pọ́ọ̀sì onípọ́ọ̀sì wò ni.

Agolo la ní. Agolo bisikíìtì aláwọ̀ búlúù kan wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù yàrá ìfọṣọ, lẹ́yìn ọṣẹ. Tí ẹnìkan bá kú, oògùn tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ á bọ́ sínú agolo, èmi á kọ ọ́ sínú ìwé: orúkọ olóògbé, orúkọ oògùn, iye hóró, ọjọ́. Ẹni tó bá há fún á mú, á fọwọ́ síwèé, nígbà tó bá rí tirẹ̀ rà á dá iye kan náà padà. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ti òkú nìkan là ń mú. Ti alààyè, kódà tó bá ṣèèṣì wọnú agolo, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, torí ẹni tó ni ín lè padà wá. Ohun tó bí òfin yẹn ni pé lọ́dún 2014, wọ́n gbé ọkùnrin kan lọ sọ́sibítù, gbogbo wa rò pé ó ti parí, a sì ti pín oògùn rẹ̀. Ó padà wálé. Kò rí nǹkan kan lò, kò sì rí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Oògùn Wilma ò sí nínú agolo lóṣù kẹwàá yẹn. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tó ní irú ẹ̀ ni Delbert Sykes, tó ń gbé lórí àjà kẹrin. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, èbúté ló ti fi ayé rẹ̀ kó èédú, ọkàn tirẹ̀ náà ń lù ségesège. Àmọ́ ó jagun nígbà èwe, ìjọba ló sì ń fi oògùn ránṣẹ́ sí i lọ́fẹ̀ẹ́, ti àádọ́rùn-ún ọjọ́ lẹ́ẹ̀kan. Fúráìdeè ogúnjọ́ oṣù kẹsàn-án ni mo fọwọ́ sí èyí tó dé kẹ́yìn. Ọgọ́sàn-án hóró. Ó ṣí i lójú mi, ó mì í lẹ́bàá etí, ó ní, "Lyle, wò ó, ìjọba ń náwó kí n má bàa kú. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún, wọn ò dààmú tó báyìí."

Òun àti Wilma ò lè pàdé kí wọ́n má bú ara wọn. Delbert á ní píísà tí Wilma ń sè fáwọn ọmọ ilé ìwé, òun fi pààrọ̀ ìsàlẹ̀ bàtà òun lẹ́ẹ̀kan, ó sì lo ọdún mẹ́ta. Wilma á ní ìyẹn ló jẹ́ kó mọ ọ̀nà ilé. Bí mo ṣe mọ̀ pé Delbert ti gbọ́ nípa ogójì hóró yẹn nìyí: lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá, kò bú u. Ó bá wa ní yàrá ìfọṣọ, ó mú àpòòwé kékeré kan jáde.

"Ìyá Olóúnjẹ, na ọwọ́ rẹ."

"Kí ni?"

"Súìtì."

Wilma yọjú sínú rẹ̀. Ó kà á. Ogún ni.

"Delbert, mi ò ṣagbe."

"Ta ló pè ọ́ lálágbe? Wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi bí ìwé ìpolówó. Ó pọ̀ lọ́dọ̀ mi débi pé mi ò rí ibi tí mo máa kó o sí. Fi búrẹ́dì rẹ san án, ká má sọ̀rọ̀ mọ́."

Búrẹ́dì dídùn tí wọ́n ń hun bí irun ló ní lọ́kàn, èyí tí ìyá ìyá Wilma kó ọgbọ́n rẹ̀ wá láti Finland. Sátidé Sátidé ló máa ń yan án, Delbert sì máa ń gba ẹyọ kan.

Wilma ní, "Búrẹ́dì ni búrẹ́dì, hóró ni hóró. Mo yá a ni. Lyle, kọ ọ́."

Mo kọ ọ́. Ogún, Sátidé, ọjọ́ kejìlá. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó tún ra ogójì, Delbert tún kó ogún wá, Sátidé ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá. Wilma ò fo hóró kan. Ara rẹ̀ yá gágá. Ó ní tí oṣù kìíní bá dé, òun á san owó gọbọi yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, òun á dá ti Delbert padà ní pípé, ọkàn òun á sì balẹ̀. Delbert ló dà bíi pé ó ń gbẹ. Ó ń dì mọ́ ògiri tó bá ń sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí mo bi í, ó ní bàtà òun ló ń yọ̀, kí n má yọ òun lẹ́nu, pé kí n lọ tọ́jú àtẹ̀gùn mi.

Sátidé ọjọ́ keje oṣù kejìlá, yìnyín ti dí ojú fèrèsé yàrá ìfọṣọ. Delbert tún ka ogún kalẹ̀ sórí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Wilma gbà á. Mo kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo jókòó ti ìwé náà, torí ìṣirò rẹ̀ ò bára mu.

Ọgọ́sàn-án ló gbà. Yọ ogójì tó kọ́kọ́ yá Wilma, ó ku ogóje. Méjì lójúmọ́, àádọ́rin ọjọ́ nìyẹn. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá ló yẹ kí ìgò Delbert ti gbẹ. Ọjọ́ keje oṣù kejìlá la wà, ó sì tún ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ogún síwájú wa.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi pẹ́ńsù ṣe é. Ibì kan náà ló ń já sí.

Mo gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Mo dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mò ń gbọ́ bọ́ọ̀lù tó ń wò nínú tẹlifíṣọ̀n. Mo kanlẹ̀kùn. Ó ṣí i. Ẹnu mi ti la tán, ohun tó sì jáde ni pé ṣé ẹ̀rọ tó ń mú yàrá rẹ̀ móoru ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó ní ó ń ṣiṣẹ́. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn, Mọ́ńdè ọjọ́ kẹrìndínlógún, Wilma gòkè lọ láago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú láti gba abọ́ búrẹ́dì rẹ̀. Ìwé ìròyìn Delbert ṣì wà nílẹ̀ níwájú ìlẹ̀kùn. Ó pè mí. Kọ́kọ́rọ́ mi la fi ṣí i. Ilẹ̀ ilé ìdáná ló wà, ó fi ẹ̀yìn ti sítóòfù, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Apá ọ̀tún ti kú. Ẹnu ti wọ́ sísàlẹ̀. Wilma kúnlẹ̀ tì í, ó di orí rẹ̀ mú, kò sì bi í ní ìbéèrè kankan, torí ó ti rí ojú yẹn fún ọdún mẹ́fà. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni ọkọ̀ ọsibítù fi dé.

Lọ́jọ́ kejì la lọ kó aṣọ oorun rẹ̀. Lórí tábìlì, àpótí oògùn ọlọ́jọ́ méje rẹ̀ wà níbẹ̀, irú èyí tí gbogbo wọn ní nínú ilé yẹn, ihò ti òwúrọ̀ lókè, ihò ti alẹ́ nísàlẹ̀. Wilma ṣí i. Hóró kọ̀ọ̀kan wà nínú ihò òwúrọ̀ tó kù. Nínú ihò alẹ́, súìtì míǹtì ni. Funfun àti pupa, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, Delbert tò wọ́n sínú ibẹ̀ bí ẹni tó ń to oògùn.

Mo ka gbogbo hóró tó wà nílé náà. Mọ́kànlá. Mo ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn. Láti ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá ló ti ń lo ẹyọ kan lójúmọ́. Láti ọjọ́ àpòòwé àkọ́kọ́.

Wilma bi mí pé, "Ṣé o mọ̀?"

Mo ní, "Mo mọ̀ látọjọ́ keje, Màmá."

Kò bú mi. Ó mú míǹtì kan nínú ihò Sátidé, ó fi sápò, ó sì pa ìyókù dé.

Wẹ́sìdeè ọjọ́ kejìdínlógún ni ẹrù oògùn Delbert dé, ọgọ́sàn-án hóró. Òfin ilé ni pé ẹni tí kò bá sí nílé, kí n dá ẹrù rẹ̀ padà. Mo dá a padà. Ìparí oṣù, wọ́n gbé e láti ọsibítù lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn aláìlera. Wọ́n ti fi yàrá rẹ̀ fún ẹlòmíràn kí ọdún tó yí.

Wilma ò yan búrẹ́dì mọ́. Ẹ̀rọ ìpo-ìyẹ̀fun ńlá tí ilé ìwé fi ta á lọ́rẹ nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó tà á fún oníbúrẹ́dì kan lọ́jọ́ kọkànlá oṣù kìíní ní àádọ́jọ dọ́là. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wọlé ní Wẹ́sìdeè, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Ní Tọ́sìdeè, mo gbé e lọ ra oògùn. Irinwó dọ́là ó lé mẹ́rìnlélógún àti ọgọ́ta sẹ́ǹtì, fún ọgọ́ta hóró kan náà. Ó ka owó náà kalẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ. Ọmọbìnrin ọjọ́sí ló tà á fún un, ó sì ní inṣọ́ránsì kì í dá sí i lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, pé ti oṣù kejì á padà sí mẹ́tàdínláàádọ́ta. Wilma ní ó ṣeun.

A ò yà sílé. Ó ní kí n wa mọ́tò lọ sí ilé ìtọ́jú.

Delbert wà lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n kọjú rẹ̀ sí adágún tó ti dì. Wilma gbé àpò oògùn lé e lẹ́sẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní wọn kì í gba oògùn láti ìta, pé àwọn ń fún un ní tirẹ̀, méjì lójúmọ́, wọn kì í fo ọ̀kan. Wilma ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni, òun yá a ni. Delbert fi ọwọ́ òsì tì í padà sí i. Wilma tún gbé e lé e. Ó tún tì í padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń wá ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu, ó pẹ́ kó tó rí i.

"Búrẹ́dì," ó ní. "Búrẹ́dì."

Wilma ní, "Búrẹ́dì ni búrẹ́dì, Delbert."

Wọ́n gbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ dé, tó ti pẹ́. Òṣìṣẹ́ tó fẹ́ fún un jẹ ń kánjú. Wilma na ọwọ́, ó gba ṣíbí náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ṣíbí fún Delbert lóúnjẹ tán, ó ń nu ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń nu ti ìyá rẹ̀. Mi ò rí ẹkún lójú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó gbé àpò oògùn rẹ̀, a lọ sílé.

Yàrá ìfọṣọ ló gbà tààrà. Ó ní kí n gbé agolo sọ̀kalẹ̀. Ó fi ìgò náà sínú rẹ̀, ó ní kí n kọ orúkọ Delbert sí i.

Mo bi í. Ọ̀rọ̀ tí wọn kì í béèrè nínú ilé yẹn ni mo bi í. Mo ní, "Màmá, mélòó ló kù lọ́wọ́ yín?"

"Mẹ́sàn-án."

Kò gba pẹ́ńsù. Ogójì tó rà lóṣù kejìlá àti ogún tí Delbert fún un, méjì lójúmọ́, ọjọ́ karùn-ún oṣù kìíní ló yẹ kó ti tán. Ọjọ́ kẹrìndínlógún rèé, mẹ́sàn-án ṣì kù.

Mo ní, "Ẹyọ kan lẹ̀ ń lò. Látìgbà tí a ti ṣí àpótí yẹn."

"Ṣé o béèrè lọ́wọ́ Delbert?"

Mo ti agolo sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà mo ní kí ó mú ìgò tó wà nínú agolo, pé Delbert ò ní mọ̀, Delbert ò tilẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó ní, "Delbert ò tíì kú, Lyle. Òfin ta ni?" Mo ní tiwa ni. Ogójì dọ́là wà lápò mi, mo nà án sí i, ó ní kí n fi ra ìpara ẹ̀yìn mi. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kejì ni. Mẹ́sàn-án, ẹyọ kan lójúmọ́, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù yìí ni. Àwa méjèèjì ló mọ ìṣirò yẹn. Ó tẹ ìka mọ́ ìwé, ó ní, "Kọ ọ́."

Mo kọ ọ́. Wilma Rautio dá a padà fún Delbert Sykes: ọgọ́ta hóró, pípé, wọn ò tíì já ìdérí ìgò. Tọ́sìdeè, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kìíní ọdún 2020, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá nírọ̀lẹ́.